Kábúrẹ́tọ̀ àti Táímíǹgì: Ibi tí Epo ti ń Pàdé Iná nínú Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin awakọ̀ ojú omi, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin apẹja, àti ẹ̀yin tí ẹ fowó yín ra ọkọ̀ fún ẹlòmíì láti wà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ́ńjìnì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, tú-sítírókù, onísílíńdà méjì, alágbára ẹṣin 40 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, irú Yamaha Enduro tó ń gbé èrò lórí ọ̀sà láàrin Ìkòròdú àti Èkó, tó ń gbé ẹja wọ Ẹpẹ́ àti Igbókòdá.

Bí irú ẹ́ńjìnì yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, ibi tí ọwọ́ kọ́kọ́ ń lọ ni kábúrẹ́tọ̀. A ó tú u, a ó fọ̀ ọ́, a ó fẹ́ ẹ, a ó dè é padà, ẹ́ńjìnì á sì máa ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kábúrẹ́tọ̀ ló máa ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa dáadáa ni pé kábúrẹ́tọ̀ àti táímíǹgì kì í ṣe ẹrù iṣẹ́ méjì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe: ọ̀kan ń wọn epo, èkejì ń dá àsìkò iná, apá irin kan náà ló sì ń ti àwọn méjèèjì nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ eré. Ẹni tó bá tún ọ̀kan ṣe láì wo èkejì, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan sípánà. Ká ní ẹ́ńjìnì yín ń jẹ lítà 20 ní wákàtí kan nígbà tí eré rẹ̀ bá dé góńgó, tí ó sì ń yí ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú tú-sítírókù, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń tanná lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìyípo. Sílíńdà méjì, ìṣẹ́jú 60: iná á tàn ní ìgbà 600,000 kí wákàtí kan tó pé. Ẹ wá pín lítà 20 sí ọ̀nà 600,000. Ohun tó kan ìtanná kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí mílílítà 0.033. Ẹ̀kán omi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílílítà 0.05, nítorí náà epo yẹn kò tó ẹ̀kán kan. Ìyípo kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìdá 12 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Kí ojú tó ṣẹ́ kó tó là, ẹ́ńjìnì ti yí tó ìgbà mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí ojú ìha kékeré kan tí wáyà fà sínú jẹ́ẹ̀tì (idẹ oníhò tóóró tó ń wọn epo nínú kábúrẹ́tọ̀), tàbí kọ́kọ́rọ́ fláíwíìlì (àgbá irin wúwo tó ń bá ọ̀pá ẹ́ńjìnì yí) tó yẹ̀ ní mílímítà kan, fi lè ba ẹ́ńjìnì olówó ńlá jẹ́.

Ẹ mú kábúrẹ́tọ̀ lọ́wọ́ kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ihò náà fẹ̀ ní ẹnu, ó fún ní ọrùn, ó tún fẹ̀ padà. Ọrùn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ gba ibi tóóró kọjá gbọ́dọ̀ sáré, bó bá sì ṣe ń sáré sí ni agbára tó fi ń tẹ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń dín kù. Giovanni Battista Venturi, ará Ítálì, kọ ìwé lórí ìṣesí yìí ní 1797, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe irú ọrùn bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ní ìsàlẹ̀, nínú abọ́ epo, atẹ́gùn òde ń tẹ epo mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Lókè, ní ọrùn, agbára náà ti rọ̀. Epo á gba inú jẹ́ẹ̀tì gòkè, á sì tú jáde bí ìrì wínníwínní sínú atẹ́gùn tó ń sáré. Kò sí pọ́ǹpù kankan tó ń ti epo wọ ọrùn yẹn. Pọ́ǹpù ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì kò ṣe ju pé kí ó gbé epo láti táńkì wá sínú abọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ihò tóóró tí abọ́ fi ń mí bá dí, epo kò ní gòkè mọ́ bó ti wù kí abọ́ kún tó. Bákan náà ni bí ẹ bá gbàgbé láti tú súkúrù ìdérí táńkì: ẹ́ńjìnì á sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á kú, ẹ ó dúró, á tún jí, á tún kú.

Gíráàmù epo bẹntiróòlù kan nílò gíráàmù atẹ́gùn 14.7 kí ó tó jó tán. Ní títóbi, lítà epo kan ń mu nǹkan bí lítà atẹ́gùn 9,000. Ẹ́ńjìnì tó ń ru ẹrù wúwo tó sì ń sáré gidi fẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ sí i, gíráàmù atẹ́gùn 12.5 tàbí 13 sí gíráàmù epo kan, nítorí epo tó lé yẹn ń tu orí písítìn lára. Bí epo bá pọ̀ jù, a ní àdàpọ̀ náà ki: èéfín dúdú, púlọ́ọ̀gì tútù, owó epo tó ń gòkè. Bí epo bá kéré jù, a ní ó fẹ́lẹ́. Èyí tó ki ń ná yín lówó. Èyí tó fẹ́lẹ́ ń pa ẹ́ńjìnì. Mo fẹ́ kí ẹ má gbàgbé ìyàtọ̀ yẹn, nítorí ẹ́ńjìnì tí epo rẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀ máa ń dùn mọ́ awakọ̀: ó ń dún kíkan, kì í rú èéfín, ó dà bíi pé ó ń dín owó epo kù. Eré ni, eré ni, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Lọ́jọ́ kan, láàrin ọ̀sà, písítìn á gan mọ́ sílíńdà.

Ẹ wo bí epo ṣe ń wọ abọ́. Fúlóòtì ń léfòó lórí epo bíi bọ́ọ̀lù inú táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí epo bá ti dé ibi tó yẹ, fúlóòtì á ti abẹ́rẹ́ kékeré kan pa ẹnu ọ̀nà epo. Bí abẹ́rẹ́ bá ti jẹ, kò ní pa ẹnu náà tán, epo á sì máa kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ fa èékánná yín gba orí ṣónṣó abẹ́rẹ́ náà yípo. Bí èékánná bá kọ́ ibì kan, bó ti wù kí ojú má rí i, abẹ́rẹ́ náà ti parí. Ẹ pààrọ̀ òun àti ìjókòó rẹ̀ pa pọ̀. Láti wọn gíga fúlóòtì, ẹ dojú kábúrẹ́tọ̀ dé, kí ẹ jẹ́ kí fúlóòtì jókòó lórí abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá fi rúlà wọn láti ojú ibi tí gáàsíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó dé ibi tí ìwé ẹ́ńjìnì yín bá tọ́ka sí lára fúlóòtì. Ìwé yẹn ló máa sọ iye mílímítà. Mílímítà kan sókè tàbí sísàlẹ̀ máa ń hàn nínú iṣẹ́ ẹ́ńjìnì.

Jẹ́ẹ̀tì ńlá wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí epo abọ́ ti jinlẹ̀ jù. Òun ló ń fún ẹ́ńjìnì lóúnjẹ nígbà tí ilẹ̀kùn eré, àwo pẹlẹbẹ inú kábúrẹ́tọ̀ tí ọwọ́ eré ń ṣí, bá ṣí láti ìdajì lọ sókè. Jẹ́ẹ̀tì sílò ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ti pátápátá. Atẹ́gùn tó ń gba ọrùn kọjá nígbà yẹn kò tó láti fa epo, nítorí náà epo sílò ń gba ihò tíntìntín jáde létí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fún ara rẹ̀ kọjá. Láàrin àwọn méjèèjì, bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ó ń kọjá lórí ihò méjì tàbí mẹ́ta mìíràn tó ń bu epo kún un kí jẹ́ẹ̀tì ńlá tó gbà á. Bí ẹ́ńjìnì bá dúró dáadáa ní sílò, tó sáré dáadáa lókè, àmọ́ tó ń kọsẹ̀ láàrin, ẹ wo àwọn ihò àárín yẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Epo bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà omi tó bá bá epo wọ abọ́ á rì sísàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹnu jẹ́ẹ̀tì ńlá wà. Ẹ̀kán omi tó bá dé ẹnu ihò tó kéré bẹ́ẹ̀ máa ń dì mọ́ ọn bíi kóró, kò ní kọjá, kò sì ní jẹ́ kí epo kọjá. Ẹ tú súkúrù ìsàlẹ̀ abọ́, ẹ da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ife gíláàsì funfun, ẹ gbé e sókè sí oòrùn. Bí omi bá wà, ẹ ó rí i bíi ìlẹ̀kẹ̀ roboto tó ń yí káàkiri nísàlẹ̀ ife. Omi tí ẹ bá rí nínú abọ́ wá láti inú kẹ́ẹ̀gì ni. Fífọ kábúrẹ́tọ̀ láì fọ kẹ́ẹ̀gì, láì pààrọ̀ fílítà, asán ni.

Ẹ̀tanú mi pọ̀ sí wáyà, mo sì fẹ́ kí tiyín náà pọ̀. Ẹ má ṣe fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ irin gún jẹ́ẹ̀tì. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, irin sì le ju idẹ lọ. Ká ní ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.50, tí wáyà sì fẹ̀ ẹ́ dé 1.60. Ó dà bíi pé kò sí nǹkan. Àmọ́ fífẹ̀ ojú ihò ló ń wọn epo, ó sì ti fi nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó máa lè tún táímíǹgì tàbí súkúrù ṣe láti bo irú àṣìṣe yẹn. Ẹ fi oògùn ìfọ kábúrẹ́tọ̀ rẹ ẹ́, ẹ fi atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ láti ojú méjèèjì, bí ìdọ̀tí bá sì lágídí, ẹ fi okùn ìwọ̀ ẹja náílọ́nù tó tín-ín-rín gba inú rẹ̀ kọjá. Náílọ́nù kò lè ha idẹ. Ẹ yọ àwọn rọ́bà àti fúlóòtì kúrò kí ẹ tó da oògùn sí i, nítorí oògùn náà ń wú rọ́bà.

Súkúrù sílò kò fẹ́ agbára. Ẹ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí á fi kan ìdí, ẹ má ṣe fún un pa, kí ẹ wá yí i jáde ní ìwọ̀n tí ìwé sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ìyípo kan àti ààbọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná fún ìṣẹ́jú 10 nínú omi, kí ẹ ti í sí gíà, ní sílò, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ẹ dè mọ́ èbúté dáadáa. Ẹ yí súkúrù ní ìdá mẹ́jọ ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá 15 kí ẹ tó tún yí i. Bí ó bá fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnì á máa sín gba ẹnu kábúrẹ́tọ̀. Bí ó bá ki, á máa wúwo, á máa rú èéfín, á sì fẹ́ kú. Ẹ wá ibi tó ti dún jọ̀lọ̀ jù, kí ẹ fi díẹ̀ kún un sí apá tó ki. Súkúrù kan wà tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń wọn, òmíràn ń wọn epo, nítorí náà yíyí wọlé lè mú un ki nínú ẹ́ńjìnì kan kó sì mú un fẹ́lẹ́ nínú òmíràn. Ẹ jẹ́ kí etí yín sọ fún yín èwo ni tiyín.

Ọ̀rọ̀ òróró kò ní gba àkókò púpọ̀. Bí ìwé ẹ́ńjìnì bá ní 50 sí 1, mílílítà 20 ni sí lítà epo kan, ìyẹn ìdajì lítà sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ́ńjìnì tuntun tó ń gba ìkẹ́ sábà máa ń fẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Òróró tú-sítírókù ti ojú omi tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni kí ẹ lò. Òróró mọ́tò ń fi eérú sílẹ̀ lórí písítìn, eérú náà á sì máa pọ́n bí ẹyin iná. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ẹ bá da òróró jù sí epo, ẹ ti mú àdàpọ̀ fẹ́lẹ́ sí i, nítorí ohun tó ń gba inú jẹ́ẹ̀tì kọjá kò yí padà, àmọ́ bẹntiróòlù inú rẹ̀ ti dín.

Ó tó kí a kúrò lọ́dọ̀ epo, kí a kọjú sí iná.

Lábẹ́ fláíwíìlì, mágínẹ́ẹ̀tì ń yí kọjá lórí kọ́ìlì kan. Kọ́ìlì náà ń ṣe iná tó lè tó fólítì 200 tàbí 300, ó sì ń kó o pa mọ́ sínú àpótí dúdú tí a ń pè ní CDI. Iná yẹn á dúró síbẹ̀. Kọ́ìlì kékeré kejì, kọ́ìlì aṣẹ, ni ó ń sọ fún àpótí pé ó tó. Ní kété tí mágínẹ́ẹ̀tì bá kọjá lórí kọ́ìlì aṣẹ, àpótí á tú gbogbo iná tó kó pa mọ́ sínú kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì á sì sọ ọ́ di fólítì 20,000 lọ sókè, tí á fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ibi tí kọ́ìlì aṣẹ bá wà ni táímíǹgì wà. Bí ẹ bá yí i lòdì sí ibi tí fláíwíìlì ń yí sí, iná á tètè. Bí ẹ bá yí i tẹ̀ lé fláíwíìlì, iná á pẹ́.

Kí ló dé tí iná fi ní láti tètè? Epo kì í bú gbàmù. Ó ń jó, iná rẹ̀ ń rìn láti ẹnu púlọ́ọ̀gì dé ògiri sílíńdà, ìrìn náà sì ń gba àkókò. A fẹ́ kí agbára iná náà pọ̀ jù nígbà tí písítìn bá ti kọjá òkè ní dígíríì 12 sí 15 (ìyípo kan jẹ́ dígíríì 360), tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ní sílò, ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan ń gba ìdá 60 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Àkókò pọ̀, nítorí náà iná lè tàn nígbà tí písítìn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá rẹ̀. Ní 5,000, àkókò yẹn ti dín sí ìdá kan nínú márùn-ún. Iná gbọ́dọ̀ tàn ní nǹkan bí dígíríì 20 sí 25 kí písítìn tó dé òkè. Nínú ẹ́ńjìnì tí písítìn rẹ̀ ń rìn mílímítà 70, dígíríì 22 yẹn kò ju kí písítìn ṣẹ́kù mílímítà 3 sí òkè. Mílímítà mẹ́ta péré!

Bí iná bá pẹ́, epo á ṣì máa jó nígbà tí ihò ẹ̀fin bá ṣí. Agbára á sọnù, ẹ̀fin á gbóná, ọkọ̀ kò ní gbórí sókè lórí omi. Bí iná bá tètè jù, ìyà náà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀. Iná á pàdé písítìn tó ṣì ń bọ̀ sókè, á fún epo tí kò tíì jó pa sí kọ̀rọ̀, epo náà á sì bú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dípò kí ó jó. Etí á gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ń fi òòlù kékeré lu irin, ó kàn jẹ́ pé ariwo ẹ́ńjìnì ojú omi sábà máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Álúmíníọ̀mù ń yọ́ ní nǹkan bíi 660 dígíríì ooru (Celsius), iná inú sílíńdà sì ju 2,000 lọ. Ohun tó ń dáàbò bo písítìn ni ìpele atẹ́gùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bíbú yẹn ló ń fọ́ ìpele náà. Ẹ ó rí etí písítìn bíi pé eku jẹ ẹ́, tàbí ihò ní àárín orí rẹ̀.

Níbí ni epo àti iná ti ń di ọ̀kan. Àdàpọ̀ tó fẹ́lẹ́ àti iná tó tètè jù ń fi ọgbẹ́ kan náà sí písítìn. Ẹni tó bá pààrọ̀ písítìn láì wádìí èwo nínú méjèèjì ló fà á, á tún padà wá ra òmíràn. Epo tí wọ́n pò mọ́ kẹrosíìnì ń ṣe bákan náà, nítorí kẹrosíìnì kò lè fara da ìfúnpọ̀ tí bẹntiróòlù ń fara dà. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún kẹrosíìnì wà lóòótọ́, irú Yamaha EK40, àmọ́ ìfúnpọ̀ sílíńdà tiwọn kéré, bẹntiróòlù ni wọ́n sì fi ń jí i kí ó tó bọ́ sí kẹrosíìnì. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì sínú èyí tí wọn kò ṣe fún un.

Kí ló ń yí táímíǹgì padà lẹ́yìn tí wọ́n ti tò ó dáadáa? Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni kọ́kọ́rọ́ fláíwíìlì, irin kékeré bí ìdajì òṣùpá tó wà láàrin ọ̀pá ẹ́ńjìnì àti fláíwíìlì. Bí pròpẹ́là bá gbá igi tàbí yanrìn, ọ̀pá á dúró lójijì, fláíwíìlì tó wúwo á sì fẹ́ máa lọ. Kọ́kọ́rọ́ á gé díẹ̀, fláíwíìlì á ṣíwájú ọ̀pá, iná á sì tètè. Bí ọ̀pá náà bá jẹ́ mílímítà 25 ní ìbú, kọ́kọ́rọ́ tó yẹ̀ ní mílímítà kan ti yí táímíǹgì padà ní dígíríì 4 àti ààbọ̀. Ẹ́ńjìnì á ṣì máa jí. Á máa ta okùn padà mọ́ ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bá fà á, òun nìkan ni àmì tí ẹ lè rí. Bí ẹ bá yọ fláíwíìlì, ẹ fi bẹntiróòlù nu ibi tí òun àti ọ̀pá ti ń fẹnu kora, kí ó gbẹ, ẹ má fi gíríìsì sí i, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tù rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ìwé sọ. Ìfẹnukora yẹn ló ń di fláíwíìlì mú. Kọ́kọ́rọ́ kàn ń fi ipò rẹ̀ hàn ni.

Láti wo táímíǹgì, ẹ kọ́kọ́ mọ òkè písítìn lóòótọ́. Ojú tàbí ìka kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí dígíríì 5 sí òkè, písítìn kò ní ju ìdá márùn-ún mílímítà kan tó kù láti rìn. Ẹ yọ okùn ìpaná, èyí tí a ń fà láti pa ẹ́ńjìnì, kúrò, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ẹ so orí wáyà wọn mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá ní gééjì tó ń wọn rínrìn písítìn, ẹ yí i sínú ihò púlọ́ọ̀gì sílíńdà àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ yí irin ìdènà tó ní ojú súkúrù sínú rẹ̀, èyí tí písítìn á kàn kí ó tó dé òkè. Ẹ rọra yí fláíwíìlì lọ́wọ́ títí písítìn á fi kan ìdènà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ẹ yí i padà sí apá kejì títí á fi kàn án, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì gẹ́lẹ́ ni òkè. Bí àmì òdo (0) tó wà lára fláíwíìlì kò bá bá ọwọ́ ìtọ́ka mu níbẹ̀, ọwọ́ ìtọ́ka ti yẹ̀, gbogbo òǹkà tí ẹ bá kà lẹ́yìn náà irọ́ ni. Lára fláíwíìlì tó jẹ́ mílímítà 200 ní ìbú, dígíríì kan kò tó mílímítà méjì ní etí rẹ̀. Ẹ lo ṣọ́ọ̀kì tó ní ṣónṣó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi iná táímíǹgì (tọ́ọ̀ṣì tó ń tàn ní gbogbo ìgbà tí púlọ́ọ̀gì bá tanná) wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ nínú omi, ní sílò àti ní góńgó. Bí kò bá bá ìwé mu, gígùn ọ̀pá kékeré tó so àwo kọ́ìlì aṣẹ mọ́ apá eré ni ẹ ó tún ṣe, àti súkúrù tí àwo náà ń lọ sinmi lé. Ẹ wo sílíńdà kejì náà.

Ìgbà tí táímíǹgì bá ti pé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan kábúrẹ́tọ̀. Bí ẹ bá yí ọwọ́ eré díẹ̀, àwo kọ́ìlì aṣẹ ló kọ́kọ́ ń rìn. Iná á tètè díẹ̀, ẹ́ńjìnì á yára, kí ilẹ̀kùn kábúrẹ́tọ̀ tó ṣí tó nǹkan. Lẹ́yìn èyí ni apá eré á wá kan rólà ilẹ̀kùn, tí ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní góńgó, àwo ti dé ibi ìsinmi rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ti nà gbọnrangandan. Ibi tí apá ti ń kan rólà ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí ẹ lè yí lára kábúrẹ́tọ̀. Bí ó bá kàn án láìtó àsìkò, ilẹ̀kùn á ṣí nígbà tí iná ṣì pẹ́, ẹ́ńjìnì á máa wú, á gbé epo mì, kò ní dìde. Bí ó bá pẹ́ kó tó kàn án, iná á ti tètè tán nígbà tí epo kò tíì tó, ẹ ó sì gbọ́ ọ tó ń sín. Ẹ rọra yí ọwọ́ eré, kí ẹ fojú sí rólà. Àmì wà lára apá náà nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, àárín rólà gbọ́dọ̀ kan apá níbi àmì yẹn. Bí kábúrẹ́tọ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ tú súkúrù tó so wọ́n pọ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn gbogbo wọn tì pátápátá, kí ẹ wá fún un padà. Ẹ fi ìka yín tẹ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: kò gbọdọ̀ sí èyí tó máa ṣáájú èkejì.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnì tó ń kọṣẹ́ wá, èyí ni ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ máa gbà. Ẹ wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju ìdá 10 nínú 100, kò sí kábúrẹ́tọ̀ tó lè wò ó sàn. Ẹ wo iná ẹnu púlọ́ọ̀gì, kí àlàfo rẹ̀ bá ìwé mu, kí púlọ́ọ̀gì sì jẹ́ nọ́mbà tí ìwé sọ: nínú púlọ́ọ̀gì ilé-iṣẹ́ NGK, nọ́mbà tó ga jù ló ń tutù jù. Ẹ wo táímíǹgì. Lẹ́yìn náà ni epo. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń kú lọ, ẹ tẹ rọ́bà ọ̀nà epo. Bí ó bá jí padà, pọ́ǹpù, fílítà tàbí súkúrù ìdérí táńkì ló ní ẹ̀bi. Bí rọ́bà kò bá ràn án, ẹ fa ṣóòkù, ìdènà tó ń dín atẹ́gùn kù, díẹ̀. Bí ó bá gbé eré sí i, àdàpọ̀ fẹ́lẹ́: jẹ́ẹ̀tì ti dí, tàbí atẹ́gùn ń yọ́ wọlé níbi gáàsíkẹ́ẹ̀tì láàrin kábúrẹ́tọ̀ àti ẹ́ńjìnì. Ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ tó mú súkúrù-dráífà.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni kíka púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun méjì sí i, ẹ jáde sí ojú omi tó fẹ̀ tí ọkọ̀ ẹlòmíì kì í gbà, ẹ sáré ní góńgó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ rí i dájú pé omi ìtutù ń tú jáde ní gbogbo ìgbà náà. Ẹ má ṣe dá eré dúró díẹ̀díẹ̀. Ẹ fa okùn ìpaná ní góńgó níbẹ̀, nítorí sílò ìṣẹ́jú kan péré á kun púlọ́ọ̀gì ní àwọ̀ mìíràn. Ẹ fi aṣọ mú púlọ́ọ̀gì jáde, ó gbóná. Kí tánganran funfun tó yí irin àárín ká jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó fẹ́lẹ́, bí ìdí ìkòkò amọ̀ tuntun. Bí ó bá dúdú tó sì ń kun ọwọ́, àdàpọ̀ ki. Bí ó bá funfun bí ẹfun, tí ẹ sì rí ìlẹ̀kẹ̀ fàdákà kéékèèké lára rẹ̀, álúmíníọ̀mù písítìn nìyẹn. Ẹ má ṣe tún sáré mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn fà yín wálé.